Ohun Tí A Kì Í Sọ Láàárọ̀ Létí Omi

Ẹ sún mọ́ mi díẹ̀. Jẹnẹrétọ̀ ilé kejì yìí kì í jẹ́ kí èèyàn gbọ́ ohùn ara rẹ̀, mi ò sì fẹ́ pariwo ohun tí mo fẹ́ sọ, torí mi ò mọ ẹni tó ń fetí kọ́ ọ lẹ́yìn ògiri. Ẹ ti ń rẹ́rìn-ín. Mo mọ̀ pé ẹ̀yin ọmọ yìí ló sọ mí ní Mọ́mì Àgbà Afura. Ẹ rò pé mi ò gbọ́ ni. Mo gbọ́, kò sì bí mi nínú, torí òótọ́ ni. Mo máa ń fura. Bí mi ò bá fura ni, ǹ bá má dàgbà tó báyìí.

Ọ̀rọ̀ Fọlákẹ́ ẹ̀gbọ́n yín ni mo fi pè yín. Ẹ ti gbọ́ pé mo tẹ̀ lé e lọ sí ọsibítù lọ́jọ́ Ajé, ẹ sì ti gbọ́ pé mo lu tábìlì dókítà. Ẹnì kan nínú yín tiẹ̀ ń sọ pé ọjọ́ ogbó ti ń dé sí mi. Ẹ jẹ́ kí n sọ bó ṣe jẹ́. Ọwọ́ Fọlákẹ́ ló ń ṣàìsàn. Ìka mẹ́wàá yẹn ló fi ń dirun, òun ló fi ń bọ́ ọmọ rẹ̀ méjèèjì. Bí ọwọ́ yẹn bá lọ, kò tún ní padà wá mọ́. Mo ti rí ọwọ́ tó lọ rí, inú ilé kan náà la sì jọ gbé.

Ẹ̀yin tí wọ́n bí sí Ìkòsí níbí, ẹ rò pé bí Kẹ́tu ṣe rí náà ló ṣe rí látọjọ́ tó ti wà. Nígbà tí mo wà lọ́mọdé, igbó àti oko ẹ̀gẹ́ ni púpọ̀ nínú ibi tí ẹ ń pè ní Máìlì Twẹ́ẹ̀fù, èèyàn sì lè rìn láti ibẹ̀ dé etí omi kó má pàdé ju àwọn àgbẹ̀ lọ. Abúlé wa wà lórí omi lódìkejì, ní ìhà Àgbóyì. Ọkọ̀ ojú omi là ń wọ̀ débẹ̀ nígbà náà, ọkọ̀ ojú omi náà ni Fọlákẹ́ ń wọ̀ dé ilé ọkọ rẹ̀ títí di òní. Ìdí nìyẹn tí mo fi máa ń tún ojú wo àwọn tó ń sọ pé Èkó ti gòkè àgbà. Ta ló gòkè? Bí orúnkún ẹni tó ń gbé Mágòdò láàárín àwọn olówó bá dùn ún lálẹ́, á ti jókòó níwájú dókítà kó tó di ọ̀sán ọjọ́ kejì. Àwọn èèyàn wa lódìkejì omi á kọ́kọ́ wo ojú ọjọ́. Wọ́n á wò ó bóyá ewé orí omi ti dí ọ̀nà ọkọ̀. Wọ́n á wá ẹni tó máa bá wọn ṣọ́ ẹja lórí iná. Nígbà tí wọ́n bá fi rí gbogbo ìyẹn ṣe tán, ìrora á ti rọlẹ̀ díẹ̀, wọ́n á ní ó di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀.

Àmọ́ abúlé náà dùn gbé o, ẹ má jẹ́ kí n purọ́ fún yín. Ìró àjẹ̀ lára ọkọ̀ ló ń jí wa láàárọ̀, kọ́ọ̀, kọ́ọ̀, kọ́ọ̀, bí àwọn bàbá wa ṣe ń fi àjẹ̀ wọn kan etí ọkọ̀ tí wọ́n ń lọ. Màmá mi á ti dáná sábẹ́ àtẹ ẹja, èéfín á gba inú pákó ilé wọlé, a ó máa wúkọ́, a ó sì máa sùn lọ. Ẹja tí wọ́n ń yan nígbà náà, epìyà tó tó àtẹ́lẹsẹ̀ ọkùnrin, àrọ̀ tó ṣì ń ta lẹ́yìn tí wọ́n bá ti pa á tán. Nísinsìnyí, ẹ̀rọ ọkọ̀ ló ń ké lórí omi bí ẹni tí wọ́n jí nǹkan rẹ̀ gbé, ọ̀rá omi tí wọ́n mu tán ló sì ń kó sínú àwọ̀n. Ẹja tí wọ́n ń gbé wá fún mi láti ibẹ̀, mo máa ń gbóòórùn rẹ̀ dáadáa kí n tó sè é.

Nǹkan kan wà tí àwọn èèyàn wa kì í fi ṣeré. Láàárọ̀, tí àwọn ọkọ̀ bá ti wà lórí omi, ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ fi ẹnu sọ ohun tí kò dára. Wọ́n ní bí ọ̀rọ̀ burúkú bá bọ́ sórí omi láàárọ̀, ẹja á sá, tàbí kó ṣe ohun tó ju ẹja lọ fún àwọn tó wà nínú ọkọ̀. Nítorí náà, ẹni tó bá kí ẹ, tó ní ṣé dáadáa lo jí, ohun kan ṣoṣo ni wàá sọ: dáadáa ni, a dúpẹ́. Ì báà jẹ́ eyín ló ń dùn ọ́ láti àná, ì báà jẹ́ ọmọ rẹ ló ń gbóná lórí ẹní. Dáadáa ni, a dúpẹ́. Ó di ìgbà tí ọkọ̀ bá ti dé, tí ẹja àkọ́kọ́ ti kan ilẹ̀, kó o tó lè sọ ohun tó ń ṣe ọ́.

Bàbá Ṣijúadé, ọkùnrin kan tó ń gbé nítòsí èbúté, iná mú òrùlé ilé rẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ kan. Ó sáré wá sí èbúté. Àwọn obìnrin kí i, wọ́n ní ṣé dáadáa ni? Ó ní dáadáa ni, a dúpẹ́. Wọ́n béèrè ìyàwó, ó ní ó wà dáadáa. Wọ́n béèrè àwọn ọmọ, ó ní gbogbo wọn ń kí wọn. Ìgbà yẹn ló wá rọra sọ pé bí kò bá ní ṣòro fún wọn, kí wọ́n bá òun gbé garawa omi díẹ̀ wá sílé. Ẹ ń rẹ́rìn-ín, àwa náà rín in títí. Ìdajì òrùlé ló jóná. Kò sì sẹ́ni tó bá a wí, torí gbogbo wa la gbà pé ohun tó yẹ ló ṣe.

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ń jẹ́ Àdùkẹ́. Ẹ ò mọ̀ ọ́n, gbogbo fọ́tò rẹ̀ tó wà lọ́wọ́ mi, lójú tèmi, onífọ́tò ló bà á jẹ́. Òun ló ń hun ìgèrè, agbọ̀n tí wọ́n fi ń dẹ ẹja, gbogbo abúlé ló sì ń wá rà á lọ́wọ́ rẹ̀. Bó bá ń hun ún, kì í wo ọwọ́ rẹ̀. Á máa wo ojú rẹ, á máa fi ẹ́ ṣe yẹ̀yẹ́, ìka rẹ̀ á máa sá kiri lórí pankẹ́rẹ́ fúnra wọn. Lọ́jọ́ Ajé lẹ́yìn Àjíǹde, tí àwọn ọ̀dọ́ máa ń figa gbága nínú ọkọ̀, òun ló máa ń jókòó síwájú ọkọ̀ àwọn ọmọbìnrin. Gbogbo èèyàn á tò sí etí omi, katikíìsì ṣọ́ọ̀ṣì wa á wọ fìlà rẹ̀ tó mọ́ jù, á jókòó sínú ọkọ̀ tirẹ̀ láti máa wò wá, àwọn ọmọdé á máa ju ẹ̀pà lura wọn.

Ọdún kan báyìí, ọkọ̀ wa ló wà níwájú. Ó ku díẹ̀ ká dé òpin eré náà, àjẹ̀ bọ́ lọ́wọ́ Àdùkẹ́, ó sì bómi lọ. Ọkọ̀ wa yí bírí, ó lọ forí sọ ti katikíìsì, fìlà náà bá àjẹ̀ lọ. Ẹ̀rín pa gbogbo etí omi. Àdùkẹ́ náà ń rẹ́rìn-ín, àmọ́ mo rí i pé ó ń na ìka rẹ̀ sábẹ́ ìró, ó ń nà án, ó ń ká a. Mo bi í léèrè, ó ní omi ló mú àjẹ̀ yọ̀. Mi ò gbà á gbọ́. Láti kékeré ni mi ò ti ń tètè gba nǹkan gbọ́.

Láti ìgbà yẹn ni mo ti ń ṣọ́ ọ. Láàárọ̀, kò lè di ọwọ́ rẹ̀ pọ̀. Ìka rẹ̀ á le, á wú ní oríkèé, á gbóná. Á lọ na ọwọ́ méjèèjì sítòsí eérú gbígbóná lábẹ́ ẹja, á jókòó síbẹ̀ títí oòrùn á fi gòkè. Wọ́n á kí i, á ní dáadáa ni, a dúpẹ́. Nígbà tí ọkọ̀ bá fi dé, tí àyè wá wà láti sọ̀rọ̀, ìka rẹ̀ á ti rọ̀. Bó bá wá ní ọwọ́ ń dun òun, wọ́n á ní kó gbé e wá, wọ́n á fà á, wọn ò ní rí nǹkan kan. Màmá mi ní làkúrègbé ni. Mo ní làkúrègbé wo ló ń mú ọmọge? Àwọn kan ní àwọn ọmọbìnrin tí a máa ń fi sẹ́yìn nínú ìdíje ló fi nǹkan sára àjẹ̀ rẹ̀. Ìyẹn bọ́ sí mi létí dáadáa, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣọ́ àwọn náà. Mi ò rí nǹkan kan lára wọn ju pé wọ́n kórìíra iṣẹ́ ilé.

Ìgbà tó yá ni ọkùnrin kan ń bá ọkọ̀ wá lọ́jọ́ ọjà, ó gbé àpò awọ kọ́ èjìká. A ò mọ ìlú rẹ̀. Ó ní gbogbo ìrora eegun lòun ń wò. Ó fún Àdùkẹ́ ní ìyẹ̀fun kan, ó ní kó máa fi ẹ̀kọ gbígbóná lá a. Ẹ̀yin ọmọ, ọjọ́ kejì tí ilẹ̀ mọ́, Àdùkẹ́ di ọwọ́ méjèèjì, ó tú wọn, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í jó lójú ilé. Gbogbo ilé ń dúpẹ́. Èmi nìkan ni ara mi ò balẹ̀. Oògùn tí kò korò, tí kò rùn, tó wá ṣiṣẹ́ láàárín òru kan, kí ló wà nínú rẹ̀? Mo bi ọkùnrin náà. Ó ní egbò igi ni. Mo ní igi wo? Ó ní igi ibi tó jìnnà ni.

Lẹ́yìn oṣù mélòó kan, ojú Àdùkẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í kún. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ yọ, ó ń dán. Ẹ mọ bó ṣe rí lọ́dọ̀ wa nígbà náà, ẹni tó ṣàìsàn tí ara rẹ̀ wá sanra, ìdùnnú ńlá ni. Àwọn èèyàn ń wá láti ilé kan dé èkejì, wọ́n ń kí Màmá mi kú oríire. Wọ́n se oúnjẹ, katikíìsì gbàdúrà ìdúpẹ́. Mo jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, mò ń wo apá rẹ̀ àti ẹsẹ̀ rẹ̀. Tẹ́ẹ́rẹ́ ni wọ́n wà. Mo ní ara wo ló ń sanra lójú nìkan? Wọ́n ní ìlara ló ń yọ mí lẹ́nu, pé mi ò fẹ́ kí ẹ̀gbọ́n mi lẹ́wà jù mí lọ.

Ọjọ́ ọjà kan dé, ọkùnrin náà kò wá. Ọjọ́ ọjà mìíràn tún dé, kò wá. Ìyẹ̀fun tán. Láàárín ọ̀sẹ̀ yẹn, Àdùkẹ́ kò lè dìde lórí ẹní. Ìrora tí ìyẹ̀fun yẹn ti ń bò mọ́lẹ̀ jáde lẹ́ẹ̀kan náà, ọwọ́, ọrùn ọwọ́, orúnkún, ọmọ ìka ẹsẹ̀ pàápàá. Ìgbà yẹn ni wọ́n tó gbé e sínú ọkọ̀ pé ká lọ sí ọsibítù lápá ibí. Màmá mi lọ, èmi náà sì tẹ̀ lé wọn.

Mo fẹ́ kí ẹ fetí sí ibi tí mo dé yìí. Ìdájí la gbéra, a débẹ̀ láàárọ̀, a sì jókòó pẹ́. Nígbà tó kàn wá, nọ́ọ̀sì kan tójú rẹ̀ tutù ló wò ó. Èmi ń ṣọ́ ọwọ́ nọ́ọ̀sì náà, torí wọ́n ti sọ fún mi pé wọ́n máa ń fi abẹ́rẹ́ ẹnì kan gún ẹlòmíràn. Ó tẹ oríkèé Àdùkẹ́, ó bi í bó ṣe ń sùn, bó ṣe ń jẹun. Ó wá béèrè pé, báwo lọwọ́ yín ṣe máa ń rí tẹ́ ẹ bá jí láàárọ̀?

Àdùkẹ́ ní, "Dáadáa ni, a dúpẹ́."

Àárọ̀ ni, ọkọ̀ sì wà lórí omi. Kò rò ó kó tó sọ ọ́. Màmá mi mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni. Nọ́ọ̀sì náà ní tó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀, iṣẹ́ ìgèrè ló pọ̀ jù, kó sinmi. Ó fún un ní ìpara àti oògùn funfun tí wọ́n ń lò fún orí fífọ́. A kí i, a dúpẹ́, a wọ ọkọ̀ padà sílé. Inú mi tiẹ̀ dùn pé kò fún un lábẹ́rẹ́.

Òjò ọdún yẹn pọ̀, odò kún wọ inú ilé, kò sẹ́ni tó rántí ọsibítù. Nígbà tí omi fi fà, ìka Àdùkẹ́ ti ń tẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan. Ọ̀kan kọ́kọ́ tẹ̀, èkejì tẹ̀ lé e. Àwọn kan wá sọ nípa ọsibítù ńlá kan níbi tó jìn, a sì gbé e lọ. Dókítà ibẹ̀ wo ọwọ́ náà. Ó ní, "Kí ló dé tí ẹ ò tètè mú un wá?"

Dókítà yẹn ló ṣàlàyé fún wa. Ó ní ohun tó wà nínú ẹ̀jẹ̀ wa láti máa gbèjà wa ló yí padà tó ń bá oríkèé Àdùkẹ́ jà. Ó ní bí wọ́n bá tètè rí i, oògùn wà tó lè dá a dúró, àmọ́ ohun tó bá ti bàjẹ́ nínú oríkèé kò ṣe é tún ṣe. Ó ní ìyẹ̀fun yẹn kò wo nǹkan kan, ó kàn fi aṣọ bo iná ni, ojú tó kún yẹn náà, òun ló fà á. Ó wá ní àmì tó máa ń kọ́kọ́ yọjú ni pé ọwọ́ á le láàárọ̀, á pẹ́ kó tó rọ̀, pé gbogbo ẹni tó bá mọṣẹ́ ló máa ń béèrè bẹ́ẹ̀. Ó ní, "Ṣé kò sẹ́ni tó bi yín ni?"

A wọ ọkọ̀ padà. Nígbà tí a sún mọ́ ilé, Àdùkẹ́ ní, "Wọ́n bi mí. Mo ní dáadáa ni." Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀. Lẹ́yìn náà ló sunkún, ọwọ́ rẹ̀ kò sì lè nu omijé náà, èmi ni mo fi ìró mi nù ún. Ó pẹ́ láyé lẹ́yìn ìgbà náà. Kò hun ìgèrè mọ́. A ń bọ́ ọ, a ń wẹ̀ ẹ́, òun náà sì ń fi wá ṣe yẹ̀yẹ́ bó ti máa ń ṣe. Ó dùn mí nígbà náà, ó ṣì ń dùn mí báyìí tí mò ń sọ ọ́.

Ẹ wá wò ó pé ayé ti yí padà. Nínú bọ́ọ̀sì tó ń lọ sí Alápẹ̀rẹ̀, ọkùnrin kan á dìde, á gbàdúrà fún awakọ̀, á wá yọ kápúsù jáde pé ó ń wo eegun, ìwọ̀sí àti gbèsè. Kò gbé àpò awọ mọ́, táì ló so mọ́rùn, àmọ́ ọkùnrin yẹn náà ni. Àwọn mìíràn máa ń wọ ọkọ̀ lọ sí abúlé wa, wọ́n á wọ ẹ̀wù aláwọ̀ kan náà, wọ́n á ní ìwòsàn ọ̀fẹ́ làwọn gbé wá. Mo wà níbẹ̀ lọ́jọ́ kan. Wọ́n wọn ẹ̀jẹ̀ ríru mi, wọ́n ya fọ́tò mi, wọ́n fún èmi àti ọmọkùnrin tó gé ara rẹ̀ lẹ́sẹ̀ ní oògùn kan náà, wọ́n sì wọ ọkọ̀ padà kí òjò tó dé. Ilé ìwòsàn kékeré wà níbẹ̀, ọmọ dáadáa ni nọ́ọ̀sì tó wà níbẹ̀, àmọ́ ọjọ́ tí ọkọ̀ bá gbé e dé ló ń wá. Bí ẹ bá bi mí ta ni mo fọkàn tán nínú gbogbo wọn, mi ò tíì rí i.

Nígbà òjò tó kọjá, Fọlákẹ́ wá kí mi. Ó fi ìgbọ̀nwọ́ ti ilẹ̀kùn. Mo rí i. Ó gbé abọ́ oúnjẹ mi wá, àtẹ́lẹwọ́ ló fi gbé e, kò fi ìka kàn án. Mo rí ìyẹn náà. Nígbà tó tún wá, ojú rẹ̀ ti kún. Ìyá yín ń pariwo pé ilé ọkọ ti ń yẹ ẹ́, pé ó ti ń lẹ́wà sí i. Mo wo apá rẹ̀, mo wo ẹsẹ̀ rẹ̀. Mo ní kó tẹ̀ lé mi wọ yàrá.

Mo bi í kí ló ń lò. Ó ní kò lo nǹkan kan. Mo ní kó gbé báàgì rẹ̀ wá. Kápúsù ló wà níbẹ̀ nínú ọ̀rá kékeré, kò lórúkọ lára. Mo jókòó tì í lórí bẹ́ẹ̀dì, mo sọ ọ̀rọ̀ Àdùkẹ́ fún un bí mo ṣe sọ ọ́ fún yín yìí. Nígbà tí mo dé ibi tí nọ́ọ̀sì ti béèrè ọ̀rọ̀ àárọ̀, ó sorí kọ́. Ó ní, "Mọ́mì Àgbà, mo ti lọ sọ́dọ̀ nọ́ọ̀sì abúlé lóṣù tó kọjá. Wọ́n béèrè bẹ́ẹ̀ náà lọ́wọ́ mi."

Mo ní, kí lo wá sọ?

Ó ń wo ọwọ́ ara rẹ̀. Kò tiẹ̀ nílò kó dáhùn. Ẹ̀rù bà mí tó bẹ́ẹ̀ tí mi ò fi lè bá a wí. Ọmọ yìí ò tiẹ̀ gbà pé ọ̀rọ̀ ẹnu lè lé ẹja sá, fóònù ló máa ń wò láti mọ bí ojú ọjọ́ ṣe máa rí, síbẹ̀ ọ̀rọ̀ yẹn wà lẹ́nu rẹ̀. Ó fẹ́ ju kápúsù náà nù lójú ẹsẹ̀, mo ní rárá, a ó gbé e lọ kí dókítà rí i, torí mo rántí bí Àdùkẹ́ ṣe wó lulẹ̀ nígbà tí tirẹ̀ tán.

Bí a ṣe dé ọsibítù nìyẹn lọ́jọ́ Ajé. Ẹnu géètì la ti pàdé, òun láti orí omi, èmi láti ibí. Dókítà náà kéré, mo rò pé akẹ́kọ̀ọ́ ni, mo sì bi í bóyá ó ti parí ẹ̀kọ́ rẹ̀. Ó ní, "Mọ́mì, mo ti parí." Mo ní níbo? Ó sọ fún mi. Fọlákẹ́ ń fi ẹsẹ̀ tẹ ẹsẹ̀ mi lábẹ́ tábìlì. Dókítà wá kọjú sí i, ó ní, "Ẹ káàárọ̀, Àǹtí. Báwo lọwọ́ yín nígbà tẹ́ ẹ jí lónìí?"

Fọlákẹ́ ní, "Dáadáa ni, a dúpẹ́."

Ìgbà yẹn ni mo lu tábìlì. Mo ní, "Irọ́ ló pa. Dókítà, tún bi í." Gbogbo àwọn tó jókòó níta ló yọjú. Dókítà wo èmi, ó wo òun. Fọlákẹ́ ti ń sunkún. Ó gbé ọwọ́ méjèèjì lé orí tábìlì, ó ní, "Ọkọ mi ló bá mi de bọ́tìnì aṣọ tí mo wọ̀ yìí. Òun ló ń bá mi wọṣọ láàárọ̀ láti bí oṣù mélòó kan. Ó di ọ̀sán kí n tó lè mú ìyarun, mo sì ń sọ fún àwọn oníbàárà pé ọmọ ni kì í jẹ́ kí n tètè ṣí ṣọ́ọ̀bù."

Mi ò mọ ìyẹn. Èmi tí mò ń ṣọ́ gbogbo ayé, mi ò mọ ìyẹn.

Dókítà gbá ọwọ́ rẹ̀ mú, ó tẹ oríkèé kọ̀ọ̀kan, kò kánjú. Ó wo kápúsù, ó mi orí, ó sọ bí wọn ó ṣe máa dín in kù díẹ̀díẹ̀. Wọ́n gba ẹ̀jẹ̀, wọ́n ya fọ́tò eegun, a sì jókòó dúró títí wọ́n fi pè wá padà. Mo ti ń múra sílẹ̀ fún ọ̀rọ̀ tí mo mọ̀ pé wọ́n máa sọ. Mo di ìka ara mi mú lábẹ́ ìró.

Ó gbé fọ́tò náà sókè sí iná, ó fi ìka tọ́ ọ fún wa, oríkèé kan tẹ̀ lé èkejì. Ó ní àrùn náà wà níbẹ̀ lóòótọ́, àmọ́ kò tíì ba eegun jẹ́. Ó ní oògùn wà, pé Fọlákẹ́ máa lò ó pẹ́, pé ó gbọ́dọ̀ máa sọdá omi wá kí wọ́n máa wò ó, kò gbọ́dọ̀ pa ọjọ́ kankan jẹ. Lẹ́yìn náà ló wo ojú mi, ó ní, "Mọ́mì, ó dára tí ẹ tètè mú un wá."

Mi ò gbà á gbọ́. Mo ní kó tún un sọ.